Pẹpẹ Kan Tó Ṣófo Nínú Yàrá Ẹja

Ọjọ́ tí Àlàájì Sànúsí wá sí ibi iṣẹ́ mi, agbádá funfun ni wọ́n wọ̀, bí ẹni tó ń lọ ro ẹjọ́ ilẹ̀. Àwọn ni bàbá Sàfúrátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n nílẹ̀ káàkiri Agbowó. Ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba ni. Wọ́n ti sọ fún ọmọ wọn pé àwọn ò ní fi í fún òpùrọ́, èmi sì ni òpùrọ́ náà.

N kò lè bá wọn jiyàn. Nínú pálọ̀ wọn ni mo ti sọ pé nígbà tí mò ń pẹja ní Ẹlẹ́yẹlé, mo ru àrọ̀ kan lọ sí Dùgbẹ̀, orí mi dé Dùgbẹ̀ tán, ìrù ẹja náà ṣì ń gbálẹ̀ ní Jẹ́ríkò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹja náà tóbi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ gan-an ló bí wọn nínú. Mo ní àwọn òkè ńlá wà nísàlẹ̀ òkun, tí orí wọn kò yọ síta, àti pé ẹja ń gbé lára àwọn òkè náà bí èèyàn ṣe ń gbé Ìbàdàn, oníkálukú ládùúgbò tirẹ̀. Àlàájì ní, “Irọ́ ọmọ yìí ò gba orí ilẹ̀ mọ́, ó ti kó o wọ inú omi.”

Yàrá ẹja ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó kọjú sí Agbowó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sítáńdáàdì Tírì ni mo kà dé, nítorí náà ìgò tí wọ́n kó ẹja sí ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú. Ọkọ̀ ojú omi kan ló kó àwọn ẹja náà wá láti orí àwọn òkè abẹ́ òkun. Inú ọtí líle ni wọ́n rì wọ́n sí kí wọ́n má baà jẹrà. Èmi ni mò ń bu ọtí kún ìgò tí tirẹ̀ bá ti fà. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, ará Ìlá, ló kọ́ mi bí a ṣe ń tò wọ́n.

“Dáúdà, pẹpẹ mẹ́ta yìí ni òkè náà. Èyí tí wọ́n mú lórí òkè, òkè ni kó wà. Ti ìdagẹ̀rẹ́, àárín. Ti ẹsẹ̀ òkè, ìsàlẹ̀. Tí o bá gbé ọ̀kan sípò òmíràn, o ti tú ìlú ká nìyẹn.”

“Ọ̀gá, ọtí yìí ńkọ́, ṣé ẹja nìkan ló wà fún?”

“Má jẹ̀ẹ́ kí n gbóòórùn ẹ̀ lẹ́nu ẹ.”

Mo bẹ ọ̀gá mi, wọ́n gbà kí n mú Àlàájì wọlé wá fojú ara wọn rí i. Bí Àlàájì ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde. Òkè ọ̀hún dà?”

Mo nawọ́ sí pẹpẹ òkè. “Bàbá, àwọn ará orí òkè nìyí. Ẹja pupa, olójú ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí, torí omi tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn máa ń kọlu òkè, á sì gbé oúnjẹ wá bá wọn. Àwọn ẹja kéékèèké kan wà tó ní iná lára. Wọ́n máa ń gòkè wá jẹun lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sísàlẹ̀, òkè á dí wọn lọ́nà, olójú ńlá á sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀.”

Àlàájì tẹjú mọ́ ìgò. “O ní àwọ̀ wo ni?”

“Pupa, Bàbá.”

“Èyí tí mò ń wò yìí ńkọ́?”

Mo wò ó. Ẹja náà funfun bí ẹ̀kọ. Bí ẹja bá ti pẹ́ nínú ọtí, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí dànù. Ojú mi ti mọ́ ọn débi pé n kò rí i mọ́.

“Ọtí ló gba àwọ̀ ẹ̀, Bàbá.”

“Ọtí! O tún fi ọtí kún un!” Wọ́n ká apá agbádá wọn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí Sàfúrátù nínú ọkàn mi, ó ń lọ sílé ọkọ mìíràn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti ìdagẹ̀rẹ́. Àwọn onírù eku nìyí. Wọn kì í gun orí òkè.”

“Ta ló ní kí wọ́n má gùn ún?”

“Kò sẹ́ni kankan. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, ló bá wọn lára mu.”

Wọ́n fi ọ̀pá wọn kan pẹpẹ ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. “Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ òkè?”

Ẹnu mi yún mi! Ẹja kan ti jókòó sórí ahọ́n mi, ó nírùngbọ̀n, ó ń súfèé. Mo gbé e mì.

“Bàbá, n kò mọ̀. Àwọ̀n ò dé ibẹ̀.”

Àlàájì padà wá, wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó.

“Tún un sọ.”

“N kò mọ̀, Bàbá.”

“Gbogbo òpùrọ́ tó ti bá mi dé kóòtù, kò sí èyí tó wí bẹ́ẹ̀ rí. ‘Láti ibí títí dé odò, tiwa ni.’ Ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Ìwọ mọ ibi tí tìẹ parí sí.” Wọ́n tún wo ẹja funfun náà. “Ó pupa, àbí?”

“Ó pupa, Bàbá.”

“Kí àwọn èèyàn ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.”

Mo bu ọtí sínú ìgò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò gbé nǹkan kan sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ ọmọ mi ṣì máa ń bi mí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ pé ó nírùngbọ̀n, Sàfúrátù á ké láti ilé ìdáná: “Bàbá Ràfíù, àwọ̀n ò dé ibẹ̀ o!”

Mo máa ń pa ẹnu mi dé. Màá dúró títí yóò fi lọ rajà ní Bódìjà.