Ọ̀rọ̀ Kan Tó Kù Lẹ́nu Huguette

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Huguette, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó sídìí fèrèsé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "Fà." Tí ilẹ̀ bá mọ́, fà. Tí a bá gbé ọbẹ̀ sí i lẹ́nu, fà. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lórí rẹ̀, kò jẹ́ kó ṣe àmín, fà. Á tẹjú mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, omi á máa dà lójú rẹ̀, á sì máa wò wá bí ìgbà tí ènìyàn ń wo àwọn òmùgọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Aurèle ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá láyé nígbà náà: kó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ní kó fà, kó sì fà á, kí obìnrin náà tó kú.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ Huguette kò lè mọ ìdí tí gbogbo wa fi ṣìnà. Ní àfonífojì wa yìí, tí yìnyín bá ti dí ilẹ̀kùn pa, ìdajì ìlú ló ń jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú awò ojú kan, tí wọ́n ń ṣe aago. Kálukú ló ní apá tirẹ̀. Ẹnìkan ń gé eyín kẹ̀kẹ́, ẹnìkan ń dán ojú aago, kò sí ẹni tó ń ṣe odidi aago láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Huguette ni ibi tí a fi ń wáìn aago, tí a sì fi ń yí ọwọ́ rẹ̀ sí àkókò tó yẹ. Òdìkejì òkè ló ti wá. Ọkùnrin aláago pọ̀ níwájú rẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò mọ̀ ju màlúù àti wàràkàṣì lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ lèmi náà ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́, ìyàwó wa ni nílé, mi ò mọ èyí tí mo lè bú nínú méjèèjì.

"Marthe, wo ọ̀pá yìí," ló máa ń sọ. "Orí ẹ̀ ló wà níta tí ìka ń dì mú. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó gun ọ̀pá yìí, ó lè rìn lọ, ó lè rìn bọ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ kò lè yí àfi tí ọ̀pá bá yí. Ṣó o rí i?"

"Mo rí i, Ọ̀gá."

"Irọ́ ni. O ò tíì fi awò sójú."

Tí orí aago bá wà nínú, tó sinmi lára aago dáadáa, eyín kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn á wọnú eyín kẹ̀kẹ́ tó ń wáìn. O yí orí, ọ̀pá yí, ó ń ká sípíríǹgì pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ahọ́n irin kékeré kan wà lókè tí kì í jẹ́ kí ohun tí o ti ká tú padà, òun ló ń dún kẹ-kẹ-kẹ yẹn. Tí o bá ṣèèṣì yí i sẹ́yìn, eyín kẹ̀kẹ́ méjèèjì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí náà wọn á kàn máa yọ̀ kọjá lórí ara wọn ni, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá fa orí aago síta, ọ̀rọ̀ yí padà. Irin kúkurú kan wà tó fi ẹnu di ọ̀pá mú. Bí o ti ń fà á, irin náà á yí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, á ti apá gígùn kan, apá yẹn á sì ti kẹ̀kẹ́ kékeré kúrò lára kẹ̀kẹ́ tó ń wáìn, lọ sára èyí tó ń gbé ọwọ́ aago. Ọ̀pá kan náà ni, ìka kan náà, yíyí kan náà. Àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ sípíríǹgì mọ́.

"O lè yí i di ọ̀la," Huguette á ní, "aago ò ní jẹun. Ọwọ́ ẹ̀ á máa sáré kiri, ikùn ẹ̀ á ṣófo. Torí náà, kó o tó yí i, mọ ibi tí ọ̀pá wà."

Irin kúkurú yẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Tí mo bá parí tèmi, á ní kí n dán an wò lójú òun. "Fà!" Mo fà. "Tì!" Mo tì. Tí kò bá dún bó ṣe yẹ kó dún nígbà tó ń bọ́ sáàyè, á gbà á lọ́wọ́ mi, á jù ú sínú agolo. Mo sunkún nítorí agolo yẹn ju bí mo ṣe sunkún ìfẹ́ lọ.

Aurèle ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ọwọ́ tó ń fún wàrà ni ọwọ́ rẹ̀, ó nípọn, ó sì le. Nígbà tí ìyàwó ṣì jẹ́ ọ̀tun, ó fẹ́ ṣe é lóore, ó ní òun máa yí aago ọwọ́ rẹ̀ sí àkókò. Ó fà á, ọ̀pá jáde tán pátápátá. Ó gbé e wá bá wa lórí àtẹ́lẹwọ́.

"Huguette, mo ti pa á o."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí tábìlì mú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kó fọwọ́ kan aago mọ́. Tó bá ti bi í pé aago mélòó ló lù, èsì rẹ̀ ni, "Ìwọ lo ní màlúù, bi wọ́n léèrè." Ẹ̀gbọ́n mi náà kì í gbà. Níbi tí a ti ń kó wàrà jọ, níwájú tọmọdé tàgbà, á ní ẹsẹ̀ Huguette tútù bí irin, pé obìnrin náà fẹ́ fi pa òun lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Huguette á dá a lóhùn lójú gbogbo ayé: "Kí ni mo fẹ́ ọkọ fún, bí kì í bá ṣe kí n ríbi ki ẹsẹ̀ bọ̀?" Ojú á ti pásítọ̀.

Inú oṣù kejì ọdún ni àìsàn náà dé. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Dókítà gòkè wá láti ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ó ní kí á jẹ́ kó nà gbalaja, kó sinmi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kí á má máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀. Aurèle, tí kì í gbọ́ ti pásítọ̀, tí kì í gbọ́ ti ìjọba, gbọ́ ti dókítà. Ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ààrò. Níbẹ̀ ló ń jókòó sí, ọwọ́ láàárín orúnkún, tó ń wò ó láti ọ̀ọ́kán.

Kò pẹ́ sí i ni "Fà" bẹ̀rẹ̀.

A fa kọ́tìnì. Fà. A fa dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a kó gbogbo ohun tó wà nínú wọn hàn án. Fà. Èmi àti Aurèle fa bẹ́ẹ̀dì tòun ti Huguette lórí rẹ̀ lọ sídìí fèrèsé, bóyá yìnyín ló fẹ́ máa wò. Kò wo yìnyín. Ojú Aurèle ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ fa ọmọlanke tó ń yọ̀ lórí yìnyín wá sẹ́nu ọ̀nà, nítorí òun ni wọ́n fi kó ẹrù ìyàwó wá lọ́jọ́ kìíní. Ó dúró tì í nínú òtútù láìdé fìlà.

"Ṣé èyí ni, Huguette? Mi orí fún mi."

Kò mi orí. Ó sunkún. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo sì sunkún tèmi níbẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ ṣe? Ẹni tí ebi ń pa, a lè fún un lóúnjẹ. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ nínú, tí ọ̀rọ̀ náà kò lè jáde, kí la fẹ́ fún un?

Ọjọ́ kan ni Samuel Guignard wọlé. Òun ló máa ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń gba iṣẹ́ lọ fún ilé-iṣẹ́ aago. Kò tíì jókòó tó ti ń bá wa wí.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, orí yín ò pé. Kí ni obìnrin yìí ti ń ṣe láti kékeré? Kí ló ń pariwo ẹ̀ lé ẹ lórí, Marthe, nígbà tó ò ń kọ́ṣẹ́?"

Mo ní, "Fà."

"Fà kí ni?"

"Orí aago."

"Ẹ ò wá rí i!"

Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere débi pé ojú tì wá. Kí ló tún lè jẹ́? Nílùú mìíràn, wọn ì bá wá ibòmíràn lọ. Ní àfonífojì wa, tí ènìyàn bá ní "fà", ìka méjì ló ń sọ àti orí aago. Ó tàn kálẹ̀ kíá. Àwọn aládùúgbò ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà lẹ́nu ọ̀nà wa, tàwọn ti aago ọwọ́, aago àpò, aago bàbá ńlá wọn. Wọ́n á gbé e síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó o, Màmá, mo ti fà á." Á yíjú kúrò. Nígbà tí Samuel fẹ́ ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òsì tó kù lára Huguette gbá aago náà bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Agbára ṣì wà lápá òsì," Samuel ní, ó ń wá gíláàsì aago rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Sùúrù ni kò sí," mo ní.

Àmọ́ Aurèle ti gbà pátápátá pé aago ni. Láràárọ̀, tó bá ti fún màlúù tán, á fọ ọwọ́, á mú aago Huguette gan-an, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní fara kàn án, á fi ìka ńlá yẹn fa orí aago jẹ́jẹ́, á sì máa yí i. Mo wọlé bá a bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kan. Ọwọ́ aago ń sáré kiri, mi ò sì gbọ́ kẹ-kẹ kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wáìn ẹ̀ fún un."

"Ẹ ò wáìn nǹkan kan. Orí ẹ̀ wà níta. Aago yìí ti kú, láti ìgbà wo?"

"Ó ní kí n fà á. Mo fà á."

Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè ṣe é. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn ló ti ń yí i tọkàntọkàn níwájú obìnrin tó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé kò dé inú. Mo gba aago, mo ti orí rẹ̀ wọlé, mo wáìn ín, ó dún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mo gbé e sétí Huguette. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó pa ojú dé.

"Fà," ó ní.

Inú bí mi. "Kí lẹ fẹ́ gan-an, Ọ̀gá? Kí la ò tíì fà?" Ó la ojú, ó tún wo Aurèle. Aurèle dìde, ó padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kó má baà dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí mú díẹ̀, yìnyín orí òrùlé tú lẹ́ẹ̀kan náà, ó já sílẹ̀ gbì. Gbogbo ilé mì. Inú kíṣìnì ni mo wà, Aurèle wà lọ́dọ̀ màlúù, síbẹ̀ ó ṣáájú mi débẹ̀. Ara Huguette ti yọ̀ wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ há sáàárín ìrọ̀rí àti ògiri. Aurèle gbàgbé dókítà. Ó gun bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà tí ìgbẹ́ màlúù wà lára rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì fà á sókè mọ́ àyà.

"Fà," ni Huguette wí. Kò pariwo rẹ̀.

Ó tún fà á mọ́ra sí i. Ọwọ́ òsì obìnrin náà ń wá nǹkan lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ títí ó fi kan bọ́tìnnì kan. Ó fi ìka méjì dì í mú bó ṣe máa ń di orí aago mú, àmọ́ kò fà á, kò yí i. Ó kàn dì í mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì dára ń rìn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì títí ó fi rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, kò wá. Àwọn màlúù ń ké torí wọn ò tíì fún wọn tán, mo bá lọ fún wọn.

Aurèle kò padà sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Nígbà tí dókítà dé, tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kù kò tó nǹkan. Òdòdó kò tíì yọ nínú pápá tí Huguette fi kú, ní àyà ọkọ rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Kò sọ "Fà" mọ́ láti ọjọ́ yìnyín yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn ènìyàn ti jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì tán tí wọ́n ti lọ, mo bá Aurèle ní yàrá. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, aago Huguette wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò yí i.

"Marthe, ṣé ohun tó ń sọ nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ṣé òun nìyẹn?"

Mo jókòó tì í létí bẹ́ẹ̀dì. Ó na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ààrò, tí bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn ni mo wà," ó ní. "Gbogbo ìgbà tó ń ní kí n fa òun mọ́ra, ibẹ̀ yẹn ni mo wà, tí mò ń fa aago."