Ìyá Inú Rédíò Tí Màmá Fẹ́ Kí

Áyọ́ọ̀nù eléèédú dúró sórí aṣọ àdúrà, òórùn aṣọ tó ń jó gba gbogbo yàrá, Màmá kò sì gbé e kúrò. Rédíò ló ń gbọ́.

Aládùúgbò wa ni Màmá, ní Attécoubé, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Òun ló máa ń lọ aṣọ funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olórí akọrin lòun fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú, kò kọrin mọ́. Ìjọ wá kí i fún ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó tó, kí ó gba kámú.

Mo sáré gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò. Gòjé ńlá kan ló ń dún, irú èyí tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún ta, tí wọ́n ń pè ní violoncelle. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, á tún já wálẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún, ọ̀pọ̀ ohun èlò mìíràn sì ń dá a lóhùn láti òkèèrè. Nígbà tó parí, ọkùnrin inú rédíò sọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Iléèwé ìjọ ti kọ́ mi ní Faransé, nítorí náà mo túmọ̀ rẹ̀.

"Obìnrin òyìnbó ni, Màmá. Ó ṣì wà láàyè."

"Wọn ò tíì kí i nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ti kí kì í sunkún báyìí. Lọ mú bírò wá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin Màmá, òyìnbó lẹ fẹ́ lọ kí kú ọ̀fọ̀? Ṣé ẹ máa se oúnjẹ lọ bá a ni?"

"Bí mo bá mọ ilé ẹ̀, màá gbé e lọ."

Ohun tó ní kí n kọ nìyí: Ẹ kú ìrọ́jú. Èmi náà sin ọmọ. Ìgbà wo ló máa ń fúyẹ́?

Èmi àti Màmá la jọ mú lẹ́tà náà lọ sí ilé rédíò, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń ti iléèwé bọ̀, Màmá á béèrè bóyá èsì dé. Òjò rọ̀ títí, ó dá. Mo ní bóyá obìnrin náà ò rí i.

"Ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í tètè dáhùn. Má yọ ọ́ lẹ́nu."

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá kú. Kò kọrin títí ó fi lọ.

Mo dàgbà, mo wá àwọn orin obìnrin náà kiri, mo sì rí wọn, láti orí ti àkọ́kọ́ tí a gbọ́ títí dé èyí tó ṣe lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Èyí tó ṣe kẹ́yìn kò fúyẹ́, òun ló wúwo ju gbogbo wọn lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Màmá kò gbọ́ ọ.