Àwọn Tó Tẹ̀ka ní Abà Ògúndèjì

Ọmọ bíríkìlà ni Waheedat. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, níbi tí Ismaheel bàbá rẹ̀ ti ń mọ ilé kiri. Bí bàbá yìí bá dé ilé tí ẹlòmíràn mọ, á fi egungun ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, á dẹtí, á ní, "Yanrìn lásán ni. Sìmẹ́ńtì ò kàn án." Waheedat kékeré a máa rò pé ògiri ló ń bá bàbá òun sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ṣakí tó ń yẹ iṣẹ́ tí ìjọba bá gbé fún agbaṣẹ́ṣe wò. Bí fáìlì bá ní afárá ti parí, tàbí ilé ẹ̀kọ́ ti dúró, Waheedat ni yóò lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni. Alájì Tàjúdéènì, ọ̀gá rẹ̀, ló fi iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ ń ṣe é. "Má gba fọ́tò gbọ́," ni Alájì máa ń sọ. "Lọ fọwọ́ kàn án."

Nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, Alájì lọ sí Mẹ́kà fún Ùmúrà. Àwọn ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí wọ́n kó gbogbo fáìlì tó kù nílẹ̀ wá, ni Waheedat bá rí ọ̀kan lórí tábìlì Alájì tí kò rí rí: ilé ìwòsàn Abà Ògúndèjì, lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ. Fọ́tò ilé funfun kan wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ará abà mẹ́tàlá tẹ̀ka sí pé àwọn ti gba ilé náà, àwọn sì ń lò ó. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì nìkan ló kù.

Waheedat ní òun máa lọ fọwọ́ kàn án. Samsudeen ọlọ́kadà, bàbá ọlọ́mọ márùn-ún tó máa ń gbé e lọ wo iṣẹ́ lóko, ló gbé e. Ní Àgọ́-Àrẹ, wọ́n bi obìnrin kan tó ń sá láfún léèrè ọ̀nà.

"Abà Ògúndèjì? Ta lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Àwọn ará abà ni, mà."

Obìnrin náà wò wọ́n títí. Ó nàka sí ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da láfún rẹ̀. "Ẹ tètè padà," ló sọ, kò gbójú sókè mọ́.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n débẹ̀. Ọyẹ́ ti bo ojú oòrùn, ó wá funfun bí òṣùpá. Ògiri àtijọ́ ti wó dé orúnkún, igi tíkì ti hù láàárín yàrá, ọlọ kan dojú dé sẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pátákó ìjọba tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí. Koríko ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ògiri tí Waheedat ì bá fọwọ́ kàn.

Ẹyẹ kan ò ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró ìgbálẹ̀: ṣáá, ṣáá. Samsudeen ka àúsù bílláhì. Lábẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n ti rí ìyá arúgbó tó ń gbá àárín ilẹ̀ tó wú bí ebè iṣu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ wá wò?"

Waheedat ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìyá náà ní Àgọ́-Àrẹ lòun ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun. Ó lé lógún ọdún tí odò abà ti gbẹ, tí gbogbo ayé ti kó kúrò. Òun nìkan ló ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀ láti gbá ojú oórì ọkọ òun àti ti àwọn ará òun.

"Wọ́n ní àwọn mẹ́tàlá tẹ̀ka pé ilé ìwòsàn ti dé, mà."

"Ka orúkọ wọn kí n gbọ́."

"Ọlámipọ̀sí Ògúndèjì."

Ìyá fi ìgbálẹ̀ júwe ebè kan. "Òun nìyẹn."

"Ojúọlápé Àkànbí."

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀."

Bí Waheedat ti ń pe orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ewé tíkì gbígbẹ ń já lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, ẹyọ kan fún orúkọ kan. Afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Nígbà tó di ìkeje, Samsudeen fà á láṣọ.

"Àǹtí, ẹ má pè é sókè mọ́. Ó dà bíi pé wọ́n ń jẹ́."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń kà á lọ. Orúkọ méjìlá, ebè méjìlá. Ó wá kan ẹ̀kẹtàlá.

"Àwáwù, ìyá Jẹ́ẹ́dé."

Ìgbálẹ̀ dúró. Ìyá wo àyè kékeré tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì ọkọ rẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ló wí. "Ta ló sọ fún wọn pé mo ti débẹ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Abájọ. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbí. Mo rò pé etí ogbó ni."

Waheedat bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì gbé ìwé súnmọ́ ọn. Kò jọ ti inú ìwé rárá. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tó wà nínú ìwé jọra wọn: ojú àpá kan là wọ́n láàárín. Ó mọ àpá yẹn. Ayùn ló ge Alájì Tàjúdéènì nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, àtàǹpàkò yẹn ló sì fi ń na fáìlì sí i láràárọ̀.

Ó ní kí Samsudeen gbé òun padà sí Ṣakí.

Alájì dé pẹ̀lú dàbínù àti omi samusámù fún un. Waheedat gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé fáìlì síwájú rẹ̀.

"Mo lọ fọwọ́ kàn án, sà."

Alájì ṣí i, ó tún pa á dé. "Waheedat, òkú kì í jẹ́rìí."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá jẹ́rìí, sà."

Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Inú ìwé olùdìbò àtijọ́ ni mo ti rí wọn. Yàrá yìí ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ń pè wọ́n bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kí n má baà fo ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń gbọ́ 'hẹn-in'."

"Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Ohùn wọn ò jọra."

Kò bẹ̀ ẹ́. Waheedat lọ sunkún lẹ́yìn ilé, torí pé ó fẹ́ràn bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló jókòó kọ gbogbo ohun tó rí, tó sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá a jẹun. Ìyá Jẹ́ẹ́dé wá síwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n rán wá láti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn èèyàn òun kúrò nínú ìwé ìjọba. Kò jókòó títí akọ̀wé fi fa igi lé wọn lórí tán lójú rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Alájì. Ẹjọ́ agbaṣẹ́ṣe tó gba owó ilé ìwòsàn náà ṣì wà ní kóòtù.

Ipò Alájì ni wọ́n fi Waheedat sí, wọ́n sì fún un ní yàrá rẹ̀. Ó gbà á, ó tún un kùn, ó yí tábìlì padà. Ọyẹ́ a máa fẹ́ eruku wọlé bá a lórí ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa sọ fún un pé kó jẹ́ kí àwọn bá a ti ilẹ̀kùn. Á ní kí wọ́n jẹ́ kó wà ní ṣíṣí.