Ìwé Ẹlòmíì Nínú Dúrọ́ọ̀ Mi

Ọwọ́ mi gbọ́ Òyìnbó ju ẹnu mi lọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fà á. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ni mo wà ní Tanke, lẹ́bàá ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń tò sí láti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọgbà yunifásítì. Wọ́n á gbé ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wá, èmi á tẹ̀ ẹ́. Bí ọdún mẹ́rin ni mo fi tẹ Òyìnbó tí mi ò lè sọ. Mo mọ ibi tí kọ́mà máa ń jókòó sí. Mo mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń parí. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá bi mí léèrè nǹkan tó wà nínú ojú ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán, ẹ̀rín ni mo máa fi dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé mi ò lọ ilé-ìwé rárá. Ó ku ọdún kan kí n parí sẹ́kọ́ńdìrì ni mo fi í sílẹ̀. Kéwú ni mo kà dáadáa. Àlfáà ni bàbá mi, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéwú nínú agbo ilé wa ní àárín ìlú, orí wàláà sì ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àlfáà bá kọ sókè pátákó náà ni wà á kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. O ò gbọdọ̀ fi àmì kan kún un, o ò gbọdọ̀ yọ àmì kan kúrò. Ọwọ́ mi mọ́ nídìí ẹ̀. Bàbá mi máa ń gbé wàláà mi sókè kí àwọn tó kù lè rí i, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó. Kò fi tara ẹ̀ kún un."

Lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ nípa kíláàsì kan ní àdúgbò Fate, ọjọ́ Sátidé, fún àwọn bíi tèmi tó fẹ́ wọ dípúlọ́mà ṣùgbọ́n tí Òyìnbó wọn ò tó. Ẹni tó bá kọ àròkọ ìkẹyìn dáadáa, tíṣà á kọ lẹ́tà fún un, lẹ́tà yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń ṣe é. Àga àwọn ọmọdé la máa ń jókòó lé, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bírò pupa kan kì í sì kúrò lọ́wọ́ wọn.

Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ fún wọn, ojú ìwé kan ni. Mo fi ìdajì yin Ọlọ́run, mo kí ẹni tó máa kà á, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà pé ọmọdé fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wáàsí nílé wa nìyẹn.

Tíṣà fa bírò pupa kọjá lórí gbogbo ẹ̀. "Ta lò ń kí?"

"Ẹni tó máa kà á ni, sà."

"Èmi ni mo máa kà á. O ti kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí lo fẹ́ sọ?"

Mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ẹ jẹ́ ó ṣe àdúà parí ná, sà. Ọmọ àlfáà ni." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì la máa ń pe obìnrin náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa ní Tanke. Ó ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí, Òyìnbó rẹ̀ náà sì ju tiwa lọ. Nọ́ọ̀sì ló ti ń fẹ́ ṣe láti kékeré. Ó sọ fún wa pé tí òun ò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní tún gbìyànjú mọ́, nítorí àwọn ìbejì òun náà ti fẹ́ẹ̀ tó ẹni tí wọ́n ń wá ilé-ìwé gíga fún.

Tíṣà wá sọ fún wa pé àròkọ Òyìnbó kì í ṣe ilé àna. Nǹkan tó o bá wá, ẹnu ọ̀nà ni kó o ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wà á wá sọ ìdí ẹ̀, ìdí kan, ìpínrọ̀ kan. Tó o bá fẹ́ lọ, kó o rán wọn létí nǹkan tó o torí ẹ̀ wá. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀, sọ ẹni náà. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo há a sórí bí mo ṣe ń há kéwú. Mo lè kà á láti orí dé ìdí láìwo ìwé. Àròkọ nìkan ni mi ò lè kọ.

Nígbà tí àròkọ ìkẹyìn dé, wọ́n ní ká kọ nípa ìṣòro kan ní àdúgbò wa àti bí a ṣe lè yanjú ẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé tiẹ̀ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Omi ló kọ nípa ẹ̀. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ti bàjẹ́, ibi tó jìnnà làwọn ọmọbìnrin ti ń pọnmi kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Ó sọ nípa ọmọbìnrin kan tó máa ń ru kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí ìdérí ẹ̀ ti sọnù. Omi á ta sí i lórí títí á fi délé, á wá fi orí tútù yẹn sùn sórí tábìlì ní kíláàsì, tíṣà rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo mọ nǹkan tí mò ń tẹ̀. Mo tiẹ̀ dúró ní àárín kan, mo tún un kà.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán fún un, ó sáré padà sídìí oníbàárà tó ń dúró dè é, ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì mi. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Tèmi, mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ti tẹ àkọlé, mo ti pa á rẹ́, bóyá ìgbà mẹ́wàá. Igi kékeré yẹn tó máa ń tàn tó máa ń kú lójú kọ̀ǹpútà, ńṣe ló dà bíi pé ó ń ṣẹ́jú sí mi. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, mo ṣí ìwé Ìyá Ìbejì tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi orúkọ mi rọ́pò tiẹ̀. Mo yí orúkọ àdúgbò padà sí tiwa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sílé tíṣà ní Fate lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí tèmi lè ṣáájú.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé wàláà ni. Pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kí n wo ohun tó dára kí n dà á kọ. Irọ́ ni. Ẹni tó ń da wàláà kọ kì í yí ohunkóhun padà. Èmi yí orúkọ àdúgbò. Mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe.

Ní Sátidé, tíṣà pe àwa méjèèjì síwájú. Ìwé méjì wà lọ́wọ́ wọn. "Ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì kan náà ń gbé àdúgbò méjì," ni wọ́n wí. "Ta ló ni ín?"

Ìyá Ìbejì ní, "Èmi ni, sà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n yíjú sí mi. "Tìrẹ ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi. Ìwọ lo ni ín?"

Mo wo ìdí àga kékeré tó wà níwájú mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní ẹni tó bá lè mú ìwé tó fi ọwọ́ kọ wá ní Sátidé tó ń bọ̀ ló ni ín. Ọkàn mi lọ sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Ìyá Ìbejì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ wa ò ṣiṣẹ́, inú ooru ni mo jókòó sí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. "Ọmọ Àlfáà, mi ò bá ìjà wá. Ìwé mi ni mo wá gbà."

Mo ní àwọn tó ń gbálẹ̀ ti kó gbogbo ìwé àlòkù dà nù. Dúrọ́ọ̀ yẹn kan orúnkún mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa." Ó dìde. Mo rò pé á bú mi. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ti fà á yọ fún un.

Ní Sátidé, kò sẹ́ni tó mú nǹkan wá nínú àwa méjèèjì. Tíṣà ní ká jókòó ká kọ òmíràn lójú àwọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ má ṣe wàhálà, sà. Mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi hàn pé èmi ni mo bí i." Ó jáde. Tíṣà ní ẹni tó sá ti jẹ́bi. Wọ́n kọ lẹ́tà fún mi.

Mo wọlé. Inú ilé wa dùn. Bàbá mi gba ẹ̀dà àròkọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sáàárín àwọn kítáàbù kéwú wọn. Èmi ń lọ sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, bí mo bá sì ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, dúrọ́ọ̀ náà á kan orúnkún mi. Mi ò lè ju ìwé yẹn nù. Mi ò lè dá a padà. Tí n bá rí Ìyá Ìbejì lọ́ọ̀ọ́kán, mà á gba ẹ̀yìn àwọn kẹ̀kẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi méjì bá wọn wálé. Wọ́n ṣe àlùwàlá tuntun, wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ títí di ìrun alásárì. Bàbá mi pè mí, wọ́n fa àròkọ náà yọ láàárín kítáàbù. "Ka ìwé tó mú ẹ wọlé fún wọn gbọ́. Kó o máa túmọ̀ ẹ̀."

Mo kà á. Mo túmọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ti fi orí tútù sùn, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ní, "Sùbùhánà-Lọ́ọ̀. Àdúgbò wo nìyẹn?"

Mo ka orúkọ àdúgbò tó wà níbẹ̀. Tiwa ni.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Àlfáà, kànga yín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi ẹ̀ ṣe àlùwàlá yìí ńkọ́? Ó ti gbẹ?"

Kànga iwájú ilé wa kì í gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ún. Tíṣà ò mọ̀, torí wọn ò dé ilé wa rí. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àlfáà kì í sọ hàdíìsì kan, ọ̀rọ̀ Ànábì, láìsọ ẹni tó gbà á wá, àti ẹni tí onítọ̀hún gbà á lẹ́nu ẹ̀. Bàbá mi bi mí bí wọ́n ṣe máa ń bi ọmọ kéwú: "Ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ?"

Mo sọ fún wọn níbẹ̀, lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú. Bàbá mi ká àròkọ náà, wọ́n dá a padà fún mi, wọn ò fi sáàárín kítáàbù mọ́. "Lọ dá nǹkan oní-nǹkan padà kí oòrùn tó wọ̀."

Ìyá Ìbejì ń dirun fún obìnrin kan nígbà tí mo dé. Àwọn méjì ń dúró. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé rẹ̀ tí mo lọ mú nínú dúrọ́ọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwé tí wọ́n kó dà nù ti jí dìde," ló wí. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ nǹkan tó ń lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí irun náà títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀," ló sọ. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún tíṣà, lóyìnbó. Má sì kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ o, Ọmọ Àlfáà. Nǹkan tó o bá wá ni kó o kọ́kọ́ sọ."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, kò sí ibi tí mo ti lè dà á kọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé èmi kọ́ ni mo kọ àròkọ omi, Ìyá Ìbejì ni. Ìpínrọ̀ kan fún bí mo ṣe mú un, ìkan fún ìwé inú dúrọ́ọ̀, ìkan fún kànga wa. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé mo ti kọ àròkọ.

Tíṣà fi bírò pupa kà á. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe lókè kí ohun tí wọ́n ń kà tó yé wọn. Wọ́n dé bírò náà. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Tíṣà gba lẹ́tà mi padà, orúkọ mi sì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà. Wọ́n fúnra wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó gba lẹ́tà tiẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Àwọn ìbejì rẹ̀ ló bá a sọ ọ́ títí ó fi gbà, ó sì wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e. Èmi ṣì wà níbi tí mo wà, mò ń tẹ ìwé. Tíṣà ní mo lè padà wá sí kíláàsì Sátidé tí ọdún bá yí. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mà á lọ.

Ìyá Ìbejì máa ń kọjá níwájú wa tó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ̀. Á kí mi, mà á kí i. Á sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tiwa, á jókòó ti ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́, kò ní gbé ojú kúrò lára ìwé rẹ̀ títí wọn á fi parí, á sì mú un dání padà.