Ẹ̀yìn Àwọn Tó Ń Pọn Pọ́ńpù

Kùmọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́ kòkó ni ọmọkùnrin kan fi lù mí. Èjìká òsì ló bà. Mo gbọ́ ìró egungun kí ìrora rẹ̀ tó dé. Kí n tó dìde, òmíràn ti tẹ ìwé mi mọ́ ẹrẹ̀, ó sì ti mú àdá.

Màkẹ́tà ni mí nígbà yẹn. Pọ́ńpù tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn fi fín oògùn sí kòkó ni mo ń tà fún kọ́ńpìnnì kan, láti Owena títí dé ọ̀nà Ofosu. Àwọn àgbà tó ni oko ni oníbàárà mi. Mo máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, a ó kí ara wa, wọ́n á sì rà. Lọ́dún yẹn, ọjà kò yá mọ́. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, obìnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ, pè mí.

"Bàbá, àwọn ọ̀dọ́ ló ń sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n má rà á. Ẹ lọ bá wọn lóko, kí ẹ wádìí ohun tí wọ́n fẹ́. Bí ẹ kò bá rí ọjà tà fún wọn kí oṣù yìí tó parí, iṣẹ́ ti tán nìyẹn."

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, iṣẹ́ náà nìkan ló ń mú mi jáde nílé. N kì í sì í bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń bá wọn sọ.

Mo wọ oko kan lẹ́yìn Owena lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà tó wá láti ìlú mìíràn láti bá onílẹ̀ dáko ló jókòó yí òkìtì ká. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo yọ ìwé àti báírò. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé. Ohun tí n kò bá kọ sílẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé ó máa sá lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kí ni orúkọ yín?"

Wọ́n yíjú wo ìwé ọwọ́ mi. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Ẹni tó bá dé ìdí òkìtì kòkó, ńṣe ló ń jókòó, á fọ́ mélòó kan kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá dúró lé wọn lórí, amí ni. Onílẹ̀ sì ti ń halẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, pé òun máa lé àwọn kan nínú wọn.

"Ta ló rán ẹ wá?"

"Onílẹ̀ ni! Ó fẹ́ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa lé."

"Àgbàlagbà ẹ̀! O ò tijú!"

Bí kùmọ̀ ṣe bà mí nìyẹn. N kò sá. Mo fa ẹsẹ̀ ẹni tó lù mí, ó ṣubú, mo sì fi orí kàn án nímú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sí mi lójú. Àwọn yòókù wọ́ mi kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ń gbá mi nípàá.

"Ẹ fọ́ orí ẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọ́ kòkó!"

"Ti bàbá yìí ti gbẹ jù, àdá ni kẹ́ ẹ lò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mú àdá lọ gbá ọ̀kadà tí mo gùn wá ṣubú, pọ́ńpù tí mo dì sẹ́yìn rẹ̀ sì yí jáde. Ó wò ó.

"Ẹ dúró. Kì í ṣe ti onílẹ̀. Onípọ́ńpù ni."

"Onípọ́ńpù? Èyí wá burú jù!"

Ẹni tó mú àdá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti èjìká dé ìbàdí, awọ ti bó. Ibì kan ti jinná, ó ń dán. Ibì kan ṣì ń ṣomi.

"Ìdérí ẹ̀ ń jò. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, oògùn á dà sí mi lẹ́yìn. Àwọn bàbá ń rà á, àwa là ń pọ̀n ọ́n." Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi kan ojú egbò náà. "Ó yá, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo jókòó sídìí òkìtì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mú kùmọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó. Nígbà tó pẹ́, ẹni tí mo fọ́ nímú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Bàbá, orí yín le o. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lójú jẹ́, mi ò tíì gbéyàwó."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mẹ́rin nínú wọn ló ní irú egbò yẹn.

Mo padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ so kọ́ mi lọ́rùn. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́?"

"Ìdérí tí kì í jò."

Ó ní èyí tó wà ní ilé ìpamọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tán, pé kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa wọ ẹ̀wù méjì. Mo ní n kò ní tà á. Ó bi mí bóyá mo ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Mo ní rárá, òun ló rán mi pé kí n lọ wádìí, mo sì ti wádìí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ní kí n máa lọ sílé.

Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ó kó àwọn pọ́ńpù náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ Ofosu. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lóko níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọn kò tíì pọ̀n ọ́n rí. Mo gbọ́ pé ó tà á tán.