Àpò Mi Wà ní Fọlá Agoro, Èmi Wà Lórí Omi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ìrìnàjò mi sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn nínú gúrúùpù WhatsApp ìdílé wa. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé tíṣà ìṣirò ni mí n'Íjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń léfòó lórí omi ni mo fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fúnra mi ni mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo lè sọ iye dírọ́ọ̀mù tó lè gbé yàrá kan dúró lórí omi fún yín. Ta ló bi mí? Kò sẹ́nì kankan. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí iléèwé wa wá ní kí n lọ gba ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí iṣẹ́ náà sì máa gba ọjọ́ méjì, mo ti mọ ibi tí màá sùn. Káfíńtà kan wà létí omi Bàrígà, ọmọ Ìlàjẹ, Bọ̀dá Fẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ó kan yàrá kan sórí omi, ó ń fi í háyà fún àlejò. Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wo fọ́tò yàrá náà lórí fóònù. Mo san ti alẹ́ méjì sílẹ̀.

Àṣìṣe mi ni pé mo kọ́kọ́ yà kí àbúrò bàbá mi, Àǹtí Síkírá, ní Fọlá Agoro.

Àbí àṣìṣe kọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ Ṣómólú kí n má kí wọn? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wọn nígbàkúùgbà tí mo bá wá sí Èkó. Wọ́n gbé ìrẹsì fún mi, mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí n máa lọ síbi tí màá sùn. Wọ́n bi mí pé ibo nìyẹn. Mo sọ. Mo tiẹ̀ tún fi fọ́tò hàn wọ́n, èmi olóye.

"Lórí omi? Rọ́fíátù, ṣé ilé mi ń jò ni?"

Mo ní rárá o, mà.

"Àbí mo bú ẹ nígbà tó o wá kẹ́yìn?"

Mo ní wọn ò bú mi. Wọ́n ní tí àdúgbò bá wá gbọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn wá sí Èkó, ó sì lọ sanwó kó tó ríbi sùn, kí ni káwọn sọ? Pé àwọn lé e jáde ni?

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé àpò mi wọ yàrá. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ wọ́dróòbù. Wọ́n jáde, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ kọ́mú, wọ́n jókòó.

"Ó dáa. Máa lọ."

Kí lẹ̀ ń ṣe nínú irú èyí? Aṣọ mi, búrọ́ọ̀ṣì mi, ṣájà fóònù mi, gbogbo wọn ti wọ àtìmọ́lé. Mo sì mọ ohun tí wọ́n ń retí: kí n rẹ́rìn-ín, kí n bọ́ bàtà, kí n ní ó ti tán. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn. Láti kékeré ni gbogbo ilé ti ń sọ pé Rọ́fíátù kì í ṣe wàhálà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ó dàárọ̀, mà. Mo sì jáde.

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Mo sọ̀ ní Ladi-Lak ní Bàrígà, mo ra búrọ́ọ̀ṣì kan, ọṣẹ kan àti ìró ańkárá kan, mo sì forí lé etí omi.

Bọ̀dá Fẹ́mi wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ẹrù yín ńkọ́, Àǹtí?"

Mo ní àbúrò bàbá mi ló gbẹ́sẹ̀ lé e.

"Ha. Ti ọlọ́pàá sàn. Èmi ò lè bá yín gba béèlì ìyẹn o."

Ẹ wá jẹ́ kí n ṣàpèjúwe yàrá yìí bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní gígùn, mẹ́jọ ní ìbú. Téèpù tó máa ń wà nínú páàsì mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Dírọ́ọ̀mù búlúù méjìdínlógún ló gbé e dúró, mẹ́sàn-án lápá kan, mẹ́sàn-án lápá kejì. Okùn mẹ́rin tó nípọn bí àtàǹpàkò mi ló so ó mọ́ òpó méjì. Mo gbé ìgò omi tó kún dé ìlàjì sórí tábìlì láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ yàrá dọ́gba. Ó fi díẹ̀ tẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òpó kan níbi tí omi dé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà sẹ́yìn ní ínǹṣì márùn-ún. Òórùn èéfín ẹja wà níbẹ̀ o, mi ò ní tan yín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rọra mì yẹn, mo sùn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Mo jí bá ìró ohùn Àǹtí Síkírá nínú gúrúùpù ìdílé. Wọ́n ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé mo ti kọ ilé àwọn. Bọ̀dá mi kan ní kí n tètè lọ tọrọ àforíjì. Mo kọ èsì kan ṣoṣo: "Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé. Mo sùn dáadáa."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo rí Àǹtí fúnra wọn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ láti etí omi dé ẹnu ọ̀nà mi. Àpò mi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró, wọn ò gbẹ́sẹ̀ wọ yàrá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Kí ló gbé e dúró?"

"Dírọ́ọ̀mù méjìdínlógún, mà."

"Tó bá jò ńkọ́?"

"Mẹ́rin lè jò, kò ní rì."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni, mà. Mo dojú bolẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó."

Wọ́n ní, "Ojú ẹ ti là, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Tí mo bá ní kó o padà sílé lónìí ńkọ́?"

Mo ní, "Màá wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, mà. Ibí ni màá sùn."

Wọ́n gbé àpò náà sílẹ̀ lórí pákó. "Mi ò gbà o."

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n yí padà. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n dúró, wọn ò wo ẹ̀yìn. "Aago méjì ni màá bu oúnjẹ. Tó bá di aago mẹ́ta, tútù lo máa jẹ."

Mo ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé bọ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé Fọlá Agoro. Mo jẹun, mo fọ abọ́, mo padà sórí omi mi. Títí di òní, Àǹtí ò tíì gbà, èmi náà ò sì tíì tọrọ àforíjì. A jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, ara wọn le.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé mo lè kúnlẹ̀ fún àgbà kí n sì dìde lọ síbi tí mò ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹbí ti ti ẹrù yín mọ́lé rí torí ibi tí ẹ fẹ́ sùn? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n tọrọ àforíjì, kó kọ tirẹ̀ náà, màá kà á.