Òrí, Bàtà Síkì àti Ẹsẹ̀ Mi Tó Tẹ̀

Òórùn òrí ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi á ti gbé e sórí termosifone, irin tó ń mú yàrá gbóná, kó lè yọ́, á fà mí lẹ́sẹ̀ jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi wọlé kí n tó wọṣọ iléèwé. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ síta débi pé ewúrẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá láìfara kan ẹ̀gbẹ́ kankan.

Òun nìkan ló tọ́jú mi ní jòjòló, torí wọn ò fún ìyá rẹ̀ ní visto, ìwé ìwọ̀lú, láti wá bá a wẹ ọmọ. Màmá Túnjí, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, kì í rí mi kó má sọ ọ́: "Mama Ṣadé, ẹ ò wẹ ọmọ yìí dáadáa o. Ẹ ò na ẹsẹ̀ ẹ̀." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì." Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á tẹ orúnkún mi le ju ti àná lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún, mo sì mọ̀.

Nígbà tí iléèwé kó wa lọ kọ́ síkì, ìyẹn fífi pátákó gígùn méjì yọ̀ lórí yìnyín, lórí òkè, àwọn ẹgbẹ́ mi ń yọ̀ lọ geere. Tèmi, bí mo bá ti fẹ́ yí, ẹ̀gbẹ́ ìta pátákó á gé yìnyín, màá sì dà wó. Àwọn òbí ń bọ̀ wá wo ìdíje wa lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, Màmá Túnjí náà ń bọ̀, torí kíláàsì kan náà lèmi àti Túnjí wà. Mo sunkún sí ìyá mi lórí fóònù: "Mamma, non venire!"

"Kí n má wá kẹ̀? Mo ti gba permesso níbi iṣẹ́. Màá wá!"

Ọkùnrin tó ń yá wa ní bàtà síkì rí omijé mi. Ó ní kí n dúró lórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mi, ó wò mí títí. "Le gambe vanno bene," ó ní. Ẹsẹ̀ mi ò níṣòro, bàtà ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ bàtà náà, ó tẹ ọrùn rẹ̀ síta díẹ̀ kó lè bá ojúgun mi lọ, ó sì dì í padà. Ó wá fi ike tínrín kan sábẹ́ ibi tí bàtà ti ń há mọ́ pátákó. Nígbà tí mo dìde, pátákó méjèèjì sùn pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, mo yí gbogbo òpó tí wọ́n rì sójú ọ̀nà ká, n ò ṣubú. Ẹ má bi mí léèrè ipò tí mo gbà o! Ìyá mi sáré wọnú yìnyín, ó ń pariwo: "Mama Túnjí, ẹ wo ẹsẹ̀ yẹn! Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́!"

Lónìí, èmi náà ni mo ń tún bàtà síkì ṣe fún àwọn ará Torino, orí mi sì ń wú sí iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ mi ṣì tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá lọ kí ìyá mi, ó ṣì máa ń bu òrí, á fi pa ẹsẹ̀ náà fún mi. Ṣùgbọ́n kì í tẹ orúnkún mi wọlé mọ́.